Ìgò Kan Tí Kò Ní Lébẹ̀lì

Bí o bá fẹ́ mọ ìwà Bàbá Onígò, gbé ìgò kan kalẹ̀ nínú láàbù rẹ̀ láìlẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn. Kò ní pariwo. Kò ní bú ẹnikẹ́ni. Á kàn gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á béèrè pé, "Ọmọ ta nìyí?" Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́wọ́, á dà á nù sínú síǹkì, á fọ ìgò, á da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó gbẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé ó ti da omi mímu ara rẹ̀ nù rí nítorí pé ó gbàgbé láti kọ "omi" sí i lára. Wọ́n rò pé àwàdà ni àwọn ń ṣe, wọn ò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

"Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Omi mọ́ gaara, ásíìdì náà mọ́ gaara. Ẹni tó bá ní ojú lásán lòun fi mọ̀ wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló máa sọ ìyókù fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè ohun tí àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí máa fi ṣe àyẹ̀wò. Láàbù náà gùn gbọọrọ. Tábìlì dúdú ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi tí ọrùn wọn tẹ̀ kọdọrọ ló wà lórí tábìlì, àti ẹ̀rọ kan lápá ọ̀tún tó máa ń se omi kí ooru rẹ̀ lè padà di omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú. Tó, tó, tó, bẹ́ẹ̀ ló ń kán láti àárọ̀ títí tí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Lókè ẹ̀rọ yẹn ni pẹpẹ onípákó kékeré kan wà. Lórí pẹpẹ yẹn ni ìgò ọlọ́rùn gígùn kan dúró sí, pẹ̀lú ọmọrí rọ́bà lẹ́nu rẹ̀ àti omi aláwọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní lébẹ̀lì.

Ẹni tó ń da ti gbogbo ayé nù kò da tirẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwé náà, nítorí náà òun ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀, á jókòó sórí àpótí kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán, teepu ìwọnṣọ á wà lọ́rùn rẹ̀, á máa fi ojú wá ohun tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń po omi búlúù kan.

"Aṣọ ta ni wọ́n fẹ́ rẹ?"

"Kì í ṣe fún aṣọ. Bí ásíìdì bá kàn án, á yí àwọ̀ padà. Àwọn ọmọ fẹ́ fi wo èémí ara wọn."

"Èémí ní àwọ̀?"

Ó na sitírọ́ọ̀ sí i, ó ní kí ó fẹ́ ẹ wò. Obìnrin náà ki sitírọ́ọ̀ bọnu, ó fẹ́ ẹ, omi ń hó gùlùgùlù, ó ń rẹ́rìn-ín, itọ́ ń ta sí i lágbọ̀n. Omi búlúù di àwọ̀ ewé. Ó tún fẹ́ ẹ, ó di àwọ̀ ìyeyè.

"Ẹ gbà mí o! Kí ló wà lẹ́nu mi?"

"Afẹ́fẹ́ tí o mí síta ni. Ó wọ inú omi, òun àti omi dàpọ̀, wọ́n di ásíìdì. Ásíìdì tí kò lágbára ni, má bẹ̀rù."

"Ásíìdì lẹ́nu èmi! Ẹ ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín."

"Ìdí nìyẹn tí irun orí mi fi re."

Ó fi teepu nà án léjìká. Ó wo ìgò náà, ó béèrè bóyá kò ní padà sí búlúù mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní bí wọ́n bá dé e pa, á wà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á rọra jáde, ásíìdì á lọ, búlúù á padà.

"Irọ́," ni obìnrin náà wí. "Aṣọ tó bá ti pa àwọ̀ dà kì í padà. Mo ń ránṣọ, mo mọ̀. Ẹ dé e. Tí mo bá dé lọ́la, ẹ ó ṣí i lójú mi. Tí kò bá padà, ẹ̀yin lẹ máa fọ abọ́ títí oṣù yìí á fi parí."

"Mo gbà."

Ó fi ọmọrí rọ́bà dé e, ó gbé e sórí pẹpẹ. Kò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, torí ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ní orí ń fọ́ òun. Ó fi ọwọ́ kan di orí mú, ó fi ìkejì di sísọ́ọ̀sì mú, ó ní òun á gé ọrùn aṣọ kan tán kí òun tó lọ dùbúlẹ̀. Kò gé e tán. Kí ọ̀sán tó pọ́n, dókítà ti jáde wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé iṣan kan já nínú ọpọlọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti kú nínú Bàbá Onígò, tàbí ó sùn, òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó jẹ́. Kò sunkún nílé ìwòsàn. Kò sunkún nígbà tí wọ́n ń kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú àpótí. Níbi ìsìnkú, tí gbogbo ènìyàn ń wo ilẹ̀, ó rọra fi ìka tọ́ka, ó sì sọ fún àwọn tó gbé pósí pé ìṣó kan kò wọlé dáadáa lára ọmọrí rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Dádì, ìṣó lẹ rí?"

Ìṣó náà ló rí lóòótọ́. Ọmọ náà padà sí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá pè é lórí fóònù, á béèrè bóyá ó jẹun, bàbá á ní òun jẹun, ó tán. Nígbà kan, ọmọ náà ní, "Ẹ ò tiẹ̀ sunkún Mọ́mì." Bàbá ní, "Hẹn-ẹn." Ọmọ náà gé fóònù.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ náà ní tiwọn. Ẹ ò mọ àwọn ènìyàn? Àwọn kan ní ọkùnrin náà le, àwọn kan ní bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà kan nínú ọ́fíìsì ìṣirò owó tiẹ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ o, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Bàbá Onígò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ríríran kò ṣòro fún un. Ó ń rí gbogbo nǹkan, àní títí dé okùn bàtà ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹkún ni kò rí. Ó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, á dúró dè é, bí ẹni tó gbé omi kaná tó gbàgbé láti ṣáná sí i. Oúnjẹ kò dùn, kò sì korò. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tù ú nínú, ó ní àmín, ohùn tó fi ń sọ ọ́ ló fi ń kí ẹni tó ń ta káàdì fóònù.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé bóyá bó ṣe máa rí nìyẹn títí. Ó ń bẹ̀rù pé ibi tí ìfẹ́ obìnrin náà wà nínú òun ti bá a lọ sínú ilẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí nǹkan díẹ̀ ti ń ta á láyà ni iwájú pẹpẹ yẹn. Láràárọ̀, kó tó wọ aṣọ iṣẹ́, á lọ wo ìgò náà. Èémí ìyàwó rẹ̀ wà nínú omi yẹn. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe àsọdùn. Ohun tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jáde ló sọ omi náà di àwọ̀ ìyeyè. Á wò ó, nǹkan bíńtín á mì nínú rẹ̀, á tún dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó gbìyànjú láti kọ lébẹ̀lì rẹ̀. Ó mú pẹ́ẹ̀nì. Òfin rẹ̀ ni pé kí lébẹ̀lì sọ ohun tó wà nínú ìgò àti ẹni tó ṣe é. Ó kọ "Omi". Ó kọ "àwọ̀". Ó kọ "ásíìdì tí kò lágbára". Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka ohun tó kọ, ó fún un pọ̀, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ tuntun dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ara rẹ̀ yá, kì í jókòó. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní kẹ́mísìrì díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ara. Àwọn ọmọ náà ń kùn pé ọ̀rọ̀ ẹran àti ewé ni àwọn wá kọ́. "Kí lẹ rò pé wọ́n fi ṣe ẹran àti ewé?" ni olùkọ́ ń bi wọ́n. "Ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe yín, wọ́n fi ṣe tábìlì yìí. Bí wọ́n ṣe di ara wọn mú ló yàtọ̀." Bàbá Onígò fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í gbàgbé lébẹ̀lì. Olùkọ́ náà mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò mọ̀ nípa ìgò.

Àárín sáà yẹn ni Bàbá Onígò ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ìgò náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ni. Ó gbé e síbi fèrèsé. Àwọ̀ ewé ti ń yọ nínú ìyeyè.

Rọ́bà kì í dé nǹkan pa títí ayé, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Afẹ́fẹ́ á wá ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ obìnrin náà ń jò lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá afẹ́fẹ́ láàbù dàpọ̀, wọ́n ń ṣí fèrèsé fún un lójoojúmọ́. Bó bá jò tán, omi á di búlúù, búlúù tó wà níbẹ̀ kí obìnrin náà tó fi ẹnu kan sitírọ́ọ̀. Ó tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀. Ó rò ó pé kí òun fẹ́ èémí tòun sí i. Ìṣẹ́jú kan ni, á padà di ìyeyè, kò sì sí ẹ̀dá tó máa mọ̀. Ó tiẹ̀ mú sitírọ́ọ̀ jáde nínú páálí. Ṣùgbọ́n òun á mọ̀, ẹni tó kàn ló mọ̀. Ó dá sitírọ́ọ̀ padà. Àwọ̀ ewé náà ń pọ̀ sí i, ó sì ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọkọ̀ tó ń gbé ẹni rẹ̀ lọ.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa bọ́fà, omi tí ásíìdì kì í tètè yí padà.

Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ síwájú pẹpẹ bó ti máa ń ṣe. Ìyeyè ni ìgò náà. Ó mọ́ roro, bíi ti ọjọ́ tí wọ́n dé e. Kì í ṣe àwọ̀ ewé tó fi sílẹ̀ lánàá.

Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láàárín ìgò, tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ti jò lọ kì í gba ara rọ́bà padà wọlé, òun náà ló la ẹnu nínú láàbù tó ṣófo, ó sì sọ ọ́ síta.

"O dé?"

Ayọ̀ ni. Èmi kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ayọ̀ gidi, èyí tí kò mọ̀ ọ́n lára láti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìgò.

Ilẹ̀kùn ṣí. Olùkọ́ wọlé pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ ti rí i! Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni. Lánàá tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìgò tí ẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ ti ń ṣá, kò sì ní lébẹ̀lì. Mo ní tí n bá dà á nù, ẹ ó bá mi jà. Mo wá sitírọ́ọ̀, mo bá yín fẹ́ ẹ padà. Mo tún fi girísì yí ọmọrí ẹ̀ ká, kò ní jò mọ́."

Oore ló ṣe. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: oore ni, ó sì ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá Onígò wo ìgò, ó wo olùkọ́. Èémí obìnrin méjì ti wà nínú omi kan, kò sì sí ẹ̀rọ kan láyé tó lè yà wọ́n.

"Ẹ ṣeun, olùkọ́," ó wí. Ó lọ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń fa àpótí gbàrà gbàrà. Bàbá Onígò ti gbé gíláàsì méjì síwájú, omi aláwọ̀ búlúù wà nínú méjèèjì. Lébẹ̀lì wà lára méjèèjì: "Omi" àti "Bọ́fà". Olùkọ́ ní kí wọ́n máa wò. Bàbá Onígò mú ìkán, ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi ń kán ásíìdì, ó kán ẹyọ kan sínú omi. Lójú ẹsẹ̀, ó di ìyeyè. Àwọn ọmọ ní "Háà!" Ó kán ẹyọ kan sínú bọ́fà. Kò sí nǹkan. Ó tún kán òmíràn. Búlúù náà ló wà.

"Inú ẹ̀jẹ̀ yín, bọ́fà wà níbẹ̀," ni olùkọ́ wí. "Ẹ sáré, ẹ jẹ nǹkan kíkan, ásíìdì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, bọ́fà ń gbà á mú. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ò ní lè gun àtẹ̀gùn ilé yìí dé òkè kí ẹ tó ṣubú."

Bàbá Onígò ń kán an lọ. Kiní yìí kò yí padà. Ọmọbìnrin kan níwájú, tí ó ti sún mọ́ gíláàsì débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ní, "Bàbá, èyí ò gbọ́ nǹkan kan o."

Olùkọ́ fẹ́ dáhùn, Bàbá Onígò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

"Ó ń gbọ́. Gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́. Ó kàn ń gbé e mì ni."

"Ìgbà wo ló wá máa yí?"

"Tí kò bá ní àyè tó máa fi í sí mọ́."

Ó kán ẹyọ kan sí i. Búlúù náà di àwọ̀ ewé. Ó tún kán ẹyọ kan, gíláàsì náà di ìyeyè látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Bàbá Onígò rí i pé omi ń kán sórí tábìlì, ó sì rò pé ìkán ọwọ́ òun ló ń jò. Ó gbé ìkán náà sókè, ó wò ó. Kò jò. Omi náà ṣì ń kán.

Ọmọbìnrin iwájú ló kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀, ó sì dá ìpàtẹ́wọ́ dúró.

Olùkọ́ ní kí wọ́n lọ gba atẹ́gùn níta. Nígbà tí wọ́n ti jáde tán, ó gbé àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán wá fún un, kò mọ àpótí ẹni tó jẹ́. Bàbá Onígò jókòó sórí rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un: ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ìgò yẹn, ohun tó ní wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ kejì, àti bí kò ṣe dé. Olùkọ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ dìde. Èmi ni mi ò lẹ lébẹ̀lì."

Ó yọ fóònù jáde nínú àpò aṣọ iṣẹ́. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbé e.

"Dádì, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ kì í pè mí ní àsìkò yìí."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Ohùn ọmọ náà rọ̀.

"Dádì mi."

"Ìgò kan wà níbí," ni bàbá wí. "Ìyá rẹ ló fẹ́ ẹ..."

"Ìgò àwọ̀? Èyí tí ẹ ní ó máa padà di búlúù?"

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mọ́mì pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, 'Bàbá ẹ ti tún purọ́ fún mi, ó dọ̀la tí mo bá ká a mọ́.'" Ó fọn imú. "Ṣé ẹ ti ṣí i?"

"Rárá."

"Ẹ ṣí i, Dádì. Mò ń gbọ́."

Bàbá Onígò gbé ìgò náà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi àkísà nu girísì kúrò, ó sì fa ọmọrí rọ́bà náà yọ. Ó dún pọ́, ohùn kékeré. Olùkọ́ pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ó gbé ìgò náà sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tètè jáde. Bàbá mú ọrùn ìgò, ó ń rọra yí i. Fóònù wà lórí tábìlì, ọmọ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹ̀rọ omi ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ó ti ń di àwọ̀ ewé," ni bàbá wí lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣẹ́jú.

"Ẹ máa wò ó."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lé wọn. Ó pẹ́ gan-an, ọmọ náà kò gé fóònù.

"Báwo ló ṣe wà báyìí, Dádì?"

Bàbá Onígò gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú rẹ̀ kún fún omi, síbẹ̀ ó rí i.

"Búlúù," ó wí. "Mi ò purọ́ fún un."